Oògùn Aáyán Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi. Ìka kan ṣoṣo ló kù tí mo fi ń tẹ̀wé, ìka ọwọ́ òsì, kò sì yára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ìkíni mọ níwọ̀n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé orí mi ṣì pé. Mò ń kọ ọ́ sí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ALS ló ń ṣe é, tó jókòó sínú mọ́tò níwájú ọsibítù, tí kò rántí ibi tó ń lọ. Mo sì ń kọ ọ́ sí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ṣùgbọ́n tí ìgò kékeré kan wà lábẹ́ síǹkì rẹ̀, èyí tí wọ́n kó wá láti ilé nínú ẹrù èlùbọ́. Bóyá ẹni kejì yìí gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀. Mi ò mọ ohun tó fa àìsàn mi. Kò sí dókítà kan tó lè nawọ́ sí nǹkan kan pé òun nìyí. Ohun tí àìsàn yìí ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti inú ọpọlọ lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀, ahọ́n àti àyà, ẹran ara á wá máa rù nítorí pé kò sí ẹni tó ń rán an níṣẹ́ mọ́. Kì í ràn. Àwọn onímọ̀ ń fura sí oríṣiríṣi nǹkan: oògùn kòkòrò, òjé, sìgá, èéfín, àwọn kẹ́míkà tí èèyàn ń fà símú lẹ́nu iṣẹ́. Ìfura ni, kì í ṣe pé wọ́n ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ dájú, ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Èmi, ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni mo mọ̀, òun ni màá sọ.

Mùínátù lorúkọ mi, Ìyá Rọ́fíà ni wọ́n ń pè mí. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, Park Forest, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí Rọ́fíà, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti wà ní kékeré. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Homewood ni mo ti ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Ẹnu mi kì í sinmi nígbà náà. Àwọn arúgbó tí kò gbọ́ ìdajì ohun tí mò ń wí á ní kí wọ́n pe "the loud one" wá fún àwọn. Ní àsàlátù tí àwa obìnrin máa ń ṣe ní ọjọ́ Sunday, èmi ni mò ń dá orin, èmi ni mò ń ṣe ìkéde, èmi náà ni mò ń bá ẹni tó bá pẹ́ dé wí. Bí mo ṣe fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni mo kórìíra aáyán tó.

Ilé tí a kọ́kọ́ gbà, aáyán ló ni ín, àlejò ni àwa. Mo ra gbogbo oògùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ńṣe ni aáyán á dúró díẹ̀, á nu ojú, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí Sìdíkátù, àbúrò mi, fẹ́ wá kí wa láti Ìbàdàn, mo ní kó bá mi mú oògùn tiwa dání, èyí tó máa ń wà nínú ìgò kékeré, tó jẹ́ pé ìdérí kan péré á pa gbogbo ohun tó ń rìn nínú ilé. Ó fi ọ̀rá wé ìgò mẹ́fà, ó tì wọ́n sáàárín èlùbọ́. Mo da ìdérí kan sínú omi, mo rọ ọ́ sínú ike tí mo fi ń wọ́n omi sáṣọ tí mo bá fẹ́ lọ aṣọ, mo sì fín in káàkiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbá òkú aáyán jọ kún ìkólẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣìnà. Ní Ìbàdàn, tí a bá fín irú oògùn bẹ́ẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó jáde lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Tí a bá padà dé, a ó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn á gbé e lọ. Ní Chicago ńkọ́? Ta ni yóò ṣí fèrèsé nígbà tí yìnyín ń já bọ́? Màá fín in, màá ti fèrèsé pa, híítà á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà yí ilé ká, èmi náà á jókòó sí àárín rẹ̀, màá máa rojọ́ lórí fóònù. Mi ò wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́nu iṣẹ́, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láìwọ ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé mi, ọwọ́ lásán ni mo fi ń po oògùn tó ń pa eku. Ìborùn mi ni mo fi ń bo imú, òun náà ni màá tún fi borí lọ kírun. Ẹ̀wà tí mo bá fẹ́ tọ́jú, mò ń kán an sí ẹnu àpò rẹ̀ kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Alhaja Súwébátù, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ olórí àsàlátù wa, ló kọ́kọ́ tọrọ díẹ̀. Lẹ́yìn tiẹ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ. Ẹni tó bá ń lọ sílé, màá bẹ̀ ẹ́ kó gba ẹrù lọ́wọ́ Sìdíkátù bọ̀ fún mi. Tí ó bá dé, màá pín in lẹ́yìn àdúrà: ìwọ gba méjì, ìwọ gba ẹyọ kan, o ò ní fojú kan aáyán mọ́. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sàárà ni mo pè é. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Olóògùn, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi.

Rọ́fíà dàgbà, ó kàwé, ó di nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Joliet. Ó lọ́kọ, ó lóyún, òun àti ọkọ rẹ̀ gba ilé sí Homewood kí ó lè sún mọ́ mi. Mo lọ bá wọn to yàrá ọmọ, mo rí aáyán kan, ẹyọ kan ṣoṣo o, lẹ́yìn ẹ̀rọ amómitutù. Mo pariwo. Mo ní màá mú oògùn mi wá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, not in my house," ni Rọ́fíà wí. "Mo ti text landlord, wọ́n á rán exterminator wá. I'm pregnant, Mọ́mì."

"Oyún yẹn náà ni mo ń rò. Ṣé kí aáyán wá máa rìn lójú ọmọ tuntun ni?"

"Mọ́mì. Promise me."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan tí Rọ́fíà wà lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ, mo fín gbogbo ilé, mo fín yàrá ọmọ, mo fín abẹ́ ibùsùn kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò. Ìgbà òtútù ni. Mo ti gbogbo fèrèsé. Nígbà tí Rọ́fíà dé, ó ní kí ló ń rùn báyìí. Mo ní bleach ni mo fi nu ilẹ̀ fún un. Ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́. Inú ilé náà ló ń sùn títí tó fi bí Àmínátù. Ọmọ náà dé láyọ̀, ó pé, ó sanra, mo sì gbà lọ́kàn mi pé mo ṣe ohun tó dáa.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Àmínátù ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọwọ́ mi. Mo fẹ́ de bọ́tìnnì aṣọ ọmọ náà, àtàǹpàkò ọ̀tún mi kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, abọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e jò wọlé, egungun yọ. Ara apá mi á kàn máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lábẹ́ awọ, kò dùn mí, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn náà ló kan ahọ́n. Mò ń kírun lọ́jọ́ kan, mo ka Fátíhà dé òpin, ahọ́n mi ò lè gbé gbólóhùn ìkẹyìn. Ó wúwo lẹ́nu mi bí ẹni pé wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ eyín. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ibi iṣẹ́, ọmọ arúgbó kan tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ fẹjọ́ sùn pé mo ti mutí. Ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì.

"Have you been drinking, hon?"

Èmi tí mi ò mọ bí ọtí ṣe ń rí lẹ́nu! Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un lára bí mo ṣe máa ń ṣe, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi dún bíi ti ọ̀mùtí lóòótọ́. Mo sunkún níwájú rẹ̀, ojú sì tì mí.

Ìrìn ọsibítù bẹ̀rẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ ní iṣan ọrùn ọwọ́ ló há, ó fún mi ní nǹkan tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́. Èkejì ní bóyá egungun ọrùn ni. Ẹ̀kẹta ní kí n lọ rí dókítà ọpọlọ ní àárín ìlú, wọ́n sì ní kí n dúró fún oṣù mẹ́rin kó tó kàn mí. Alhaji, ọkọ mi, á gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, a ó wọ tírénì ní Homewood, a ó jókòó sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń dúró, gbogbo wa á máa wo ilẹ̀kùn kan náà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń fi áńkáṣífù nu itọ́ fún un. Mo gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo ní tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ wádìí ẹran apá mi, ẹran itan mi, àní ahọ́n mi. Lẹ́yìn náà ni dókítà náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa, ó sọ orúkọ àìsàn náà. Ó ní àwọn oògùn kan wà tó lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò sí èyí tó ń wò ó.

Alhaji ní, "So, when she finish the medicine, she will go back to work?"

Dókítà náà wo ojú Alhaji. "No, sir," ló wí. Alhaji ń mi orí bí ẹni pé wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi, wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà náà ni dókítà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n ń bi gbogbo èèyàn. Ṣé mo ti ṣiṣẹ́ oko rí? Ṣé mo ti ṣiṣẹ́ bátìrì, ọ̀dà, tàbí irin jíjó? Ṣé mo mu sìgá rí? Ṣé mo ti lo oògùn kòkòrò, èyí tó lágbára?

"No," ni mo wí. Kò tíì parí ìbéèrè tí mo fi dá a lóhùn. Alhaji yí ojú wò mí.

Nínú tírénì, Alhaji bi mí pé, "Ìyá Rọ́fíà, kí ló dé tí o ní rárá?"

"Ṣé kí wọ́n wá gbé mi ni? Nǹkan tí a kó gba inú èlùbọ́ wọlé?"

Irọ́ ni mo pa fún Alhaji náà. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló bà mí lẹ́rù. Yàrá Àmínátù ni. Mo ronú pé tí mo bá sọ ti ìgò náà níbẹ̀, wọ́n á bi mí ní ibi gbogbo tí mo ti lò ó.

Ìròyìn àìsàn mi délé, fóònù ò sinmi mọ́. Sìdíkátù ní kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn, òun ti gbọ́ nípa àgbo kan. Ẹ̀gbọ́n Alhaji ní kì í ṣe ojú lásán. Ààfáà kan kàwé sínú omi fún mi, ó ní kí n ronú sí ẹni tó ń bá mi ṣọ̀tá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ṣe mí ni wọ́n ń wá kiri, èmi sì mọ ẹni tó di ìgò náà mú. Alhaja Súwébátù gbé oyin àti èso dúdú wá, ó mú obìnrin kan tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá, wọ́n fà á lẹ́yìn mi títí ó fi rẹ̀ mí dé egungun.

Mi ò lòdì sí àdúrà, àdúrà ni mo fi ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ẹni tí àìsàn yìí bá ti mú ní ọ̀fun, ẹ má fi àgbo rọ ọ́. Àbúrò ọkọ mi kan bu ife àgbo kan fún mi pẹ̀lú ìfẹ́, omi náà gba ibi tí kò yẹ kó gbà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sórí àga. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, mo sì lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀ pẹ̀lú omi nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tọ́jú yín léèrè ohun tó ṣe é gbé mì.

Ní ọsibítù yẹn ni mo ti jẹ́wọ́. Dókítà mi wá wò mí, kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ohùn mi ti ń lọ, ó ní láti tẹ etí sí ẹnu mi. Mo sọ ti ìgò, ti fèrèsé, ti ẹ̀wà. Mo bi í bóyá oògùn náà ló ṣe mí.

Ó ní òun ò lè sọ fún mi pé oògùn náà ni. Ó ní òun ò sì lè sọ pé kì í ṣe oògùn náà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fura sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó tí nǹkan kan ò ṣe, ọ̀pọ̀ tí kò fojú kàn án rí sì ni àìsàn yìí ń mú. "But get it out of your house," ló wí. "All of it."

Mo wá bi í nípa Àmínátù. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ tán. Ó ní kò sí ohun tó sọ pé ọmọ náà máa ní irú èyí tó ń ṣe mí, kí n yéé ronú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni oògùn náà fún ọmọdé, ó yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ náà mọ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. "Tell her mother," ló wí. "Soon. While you can."

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alhaji. Wọ́n ń fi ṣíbí bu ògì tó ki sí mi lẹ́nu, wọ́n dúró.

"Yàrá ọmọ?" ni wọ́n wí.

Mo mi orí.

Wọ́n gbé abọ́ ògì náà sílẹ̀. "Ìyá Rọ́fíà, kádàrá ni àìsàn yìí. Ọlọ́hun ti kọ ọ́. Tí o bá sọ èyí fún Rọ́fíà, ta ló máa jàǹfààní? Àwọn ará àsàlátù ńkọ́? Wọ́n á ní o ti fi májèlé pa ọmọ àwọn. Dókítà fúnra rẹ̀ ní òun ò mọ̀."

Mi ò bá wọn jiyàn lórí kádàrá, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ìgò náà ṣì wà lábẹ́ síǹkì ní ilé bí ogún, èmi ni mo gbé e síbẹ̀, ohùn tí mo sì lè fi sọ fún wọn ń tán lọ lójoojúmọ́. Mo sọ fún Alhaji pé màá sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rọ́fíà gbé ọmọ wá kí mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu tí mo sì béèrè omi. Ojo ni mí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní orúkọ rẹ̀.

Mo wá pinnu pé màá sọ ti ìgò fún àsàlátù, màá sì fi ti yàrá pamọ́ títí mo fi máa lè gbójú sókè wo ọmọ mi. Ní ọjọ́ Sunday, wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé Alhaja Súwébátù níbi tí a ti ń ṣe àdúrà. Rọ́fíà nìkan ló ṣì ń gbọ́ ohun tí mò ń wí dáadáa, nítorí náà òun ló jókòó tì mí láti máa tún un sọ, Àmínátù wà lórí itan rẹ̀. Mò ń sọ díẹ̀, ó ń sọ ọ́ síta.

"Mọ́mì ní oògùn tí àwọn pín fún yín, kí ẹ má lò ó mọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá òun ló fa àìsàn yìí. Wọ́n ní but dókítà ní májèlé ni, especially tí windows bá wà ní títì. Kí ẹ má dà á sínú síǹkì o. Kí ẹ kó o wá, Dádì máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ń gba hazardous waste."

Ariwo díẹ̀ sọ. Alhaja Súwébátù fajú ro. "Ìyá Rọ́fíà, gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ṣé kí aáyán wá jẹ wá tán ni?"

Ìyá ọ̀dọ́ kan tó wà lẹ́yìn, tí ọmọ rẹ̀ ń sùn léjìká rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí mi. Ó fẹ́ tù mí nínú ni. "Mọ́mì, ẹ má worry. Mo máa ń fín in sí yàrá àwọn ọmọ mi, every two weeks, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. They're fine, wallahi."

Mo wo ọmọ tó wà léjìká rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn mi tú ká. Tí mo bá dákẹ́, á lọ sílé, á fín in ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní, "Èmi náà. Yàrá Àmínátù."

Rọ́fíà ti la ẹnu kó tún un sọ, ó dúró. "What? Mọ́mì, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó gba gbogbo èémí tó wà nínú mi. Mo ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kì í ṣe bleach.

Ó wò mí. Mi ò gbàgbé ojú yẹn, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn obìnrin yẹn, nítorí iṣẹ́ tí a ní kó ṣe nìyẹn, ó sì ṣe é dópin.

"Wọ́n ní àwọn fín in sí yàrá ọmọ mi. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n lọ nígbà tí mo wà on shift. Ọmọ náà ṣì wà nínú mi nígbà yẹn." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "So, ma, please. Go home and throw it out."

Ó gbé Àmínátù, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo sọ ọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí mo wí.

Ọ̀sẹ̀ méje ni Rọ́fíà ò fi wá. Ní àárín ìgbà yẹn, àwọn obìnrin náà ń kó ìgò wá. Ìyá ọ̀dọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dé, ẹkún ló ń sun. Àwọn kan ò kó tiwọn wá, wọ́n sì tún ní mo fẹ́ fi àìsàn mi dẹ́rù bà wọ́n. Ẹnì kan tilẹ̀ jí ẹyọ kan nínú èyí tí a ti kó jọ. Alhaja Súwébátù ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní mo dójú ti òun nínú ilé òun. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ fún dókítà yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bá ẹnì kan sọ, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì lè fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ gbà kí wọ́n gbé àga oníkẹ̀kẹ́ wá kó tó di pé ẹ ṣubú. Èmi kọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta nítorí ìgbéraga, mo sì fi iwájú orí gbá ilẹ̀ báfù.

Bí mo ṣe wà nìyí: ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Inú rọ́bà kan tí wọ́n fi sí mi níkùn ni oúnjẹ mi ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ kan ń bá mi mí nígbà tí mo bá ń sùn. Ohùn mi ti lọ pátápátá, ohun tí mo bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà síta, bíi ti òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá. Alhaji ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ mí, wọn ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ẹ̀rù máa ń bà mí, pàápàá tí itọ́ bá dí mi lọ́fun. Mi ò ní purọ́ pé kì í bà mí.

Rọ́fíà padà wá. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ó fọ rọ́bà oúnjẹ mi, ó yí mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá egbò wà níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó jókòó. "Mọ́mì, I'm not okay. Mi ò tíì forí jì yín. Mi ò mọ ìgbà tó máa jẹ́. But mo máa máa wá." Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un: Ó dáa. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Thursday ló ń wá, ó sì ń gbé ọmọ wá.

Àmínátù ti ń rìn báyìí. Dókítà àwọn ọmọdé ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan. Á gbéra lẹ́sẹ̀ Alhaji, á máa ta gẹ̀gẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi, á ṣubú ní àárín yàrá bí gbogbo ọmọ ṣe ń ṣubú. Alhaji á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní kó dìde. Rọ́fíà kì í rẹ́rìn-ín. Òun àti èmi á jọ máa wo ẹsẹ̀ ọmọ náà títí tí yóò fi dìde.